Fẹlá Aníkúlápó: Onífèrè tí kò jẹ́ kí owó pàṣẹ fún orin rẹ̀

Ẹni tó bá wọ Allen Avenue n'Ìkẹjà lónìí, ariwo ọjà ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Báǹkì wà níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti ilé oúnjẹ sì tò lọ bẹẹrẹ. Láti àwọn ọdún 1980 ni orúkọ àdúgbò náà ti ń wá sẹ́nu bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ owó àti fàájì l'Ékòó. Ṣùgbọ́n béèyàn bá yà kúrò lórí títì ńlá yẹn, tó wọ òpópónà Gbémisọ́lá, yóò dé iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ibojì wà níwájú rẹ̀. Ibojì Fẹlá Aníkúlápó-Kútì nìyẹn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ló jáde láyé, ọjọ́ kejìlá oṣù náà ni wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ Fẹlá sí ẹni tó bá ìjọba ológun wọ̀yá ìjà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìjà mìíràn wà tó ti ń jà kó tó di pé ṣọ́jà kankan mọ orúkọ rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi kú. Ìjà náà wà láàárín orin tó ń mówó wọlé àti orin tí olórin fúnra rẹ̀ gbà pé ó yẹ kóun kọ. Kò sí ẹni tó ń fọn fèrè saxophone tí kì í bá ìjà yìí pàdé, ìbáà jẹ́ l'Amẹ́ríkà níbi tí orin jazz ti ṣẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Fẹlá yan ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà náà sì sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló san gbèsè rẹ̀.

Ilé olórin, ilé olùkọ́

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Fẹlá lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Gbogbo àwọn tó kàwé lọ́dọ̀ wọn ló mọ̀ pé pàṣán kò jìnnà sọ́wọ́ wọn. Ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti ta ko owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ààfin sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Fẹlá nígbà náà. Ó fojú ara rẹ̀ rí i pé èèyàn lè dá dúró kó sì kọjú sí alágbára.

Orin náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé wọn. Bàbá bàbá rẹ̀, Canon Josiah Jesse Ransome-Kuti, jẹ́ àlùfáà tó ń fi orin wàásù. Ní àwọn ọdún 1920, ó lọ sí London, ó sì kọ àwọn orin ìsìn Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Àwọn àgbà tó dàgbà sínú ìjọ Áńgílíkà nílẹ̀ Ẹ̀gbá mọ orúkọ bàbá yìí dáadáa. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní Fẹlá gbé orin láti inú ẹ̀jẹ̀ wá, wọn kò parọ́.

Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1955. Fẹlá wá sí Èkó, ó bá J. K. Braimah dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá kọrin. Ohun tí àwọn ẹbí ń rò fún un yàtọ̀ sí èyí. Dókítà ni wọ́n fẹ́ kó dà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè àti àbúrò rẹ̀ Bẹ́kò ṣe padà di dókítà. Lọ́dún 1958, ó wọkọ̀ lọ sí London. Kàkà kó wọ ilé ìwé ìṣègùn, Trinity College of Music ló wọ̀, níbi tó ti kọ́ fèrè trumpet.

Ní ọ̀sán, orin àwọn òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ní alẹ́, jazz ló ń gbọ́. Iṣẹ́ Miles Davis àti Charlie Parker, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Òun àti Braimah àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Rẹ̀mí Taylor, ó sì bí Yẹni àti Fẹ́mi. Nígbà tó fi máa padà sílé lọ́dún 1963, olórin jazz ló ka ara rẹ̀ sí.

Orin tí Èkó kò fẹ́ gbọ́

Iṣẹ́ rédíò ni wọ́n fún un ní NBC, ilé iṣẹ́ tó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ fún ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bá Benson Idonije, tó ń ṣe ètò jazz lórí rédíò, ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, ẹlẹ́ni márùn-ún, jazz pọ́ńbélé ni wọ́n sì ń kọ. Idonije ló bá a bójú tó ẹgbẹ́ náà. Lọ́dún 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin onílù kan tó ń jẹ́ Tony Allen dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn kò dà bí ọjọ́ ńlá lójú ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìlù tí ọmọkùnrin náà ń lù ni orin Fẹlá padà wá fẹsẹ̀ lé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ará Èkó kò bá orin wá jókòó kí wọ́n máa mi orí. Ijó ni wọ́n fẹ́ jó. Highlife ló gbòde: Ọláìyá ń fọn tirẹ̀, Roy Chicago ń fọn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bobby Benson, ẹni tí ọ̀pọ̀ olórin ìgbà náà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Bobby Benson pàápàá ń fọn saxophone, ó mọ jazz dáadáa. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ọjà ń fẹ́. Ó kọ orin Taxi Driver tí gbogbo ayé ń kọ mọ́ ọn, ó sì ní òtẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, Caban Bamboo, ní ọ̀nà Ìkòròdú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Benson kì í ṣe olórin gidi. Ó kàn mọ ọ̀nà tó ń gbà gbé onjẹ sórí tábìlì ni.

Fẹlá gbìyànjú láti gba àárín. Ó tún Koola Lobitos dá sílẹ̀, ó da jazz pọ̀ mọ́ highlife. Orin bíi Onídòdò jáde láàárín ìgbà yẹn. Àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n fèrè tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ti lọ́ jù fún ẹni tó kàn fẹ́ di ìyàwó rẹ̀ mú kó jó. Àwo kò tà bó ṣe yẹ.

Òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dé bá. Orlando Julius, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ń fọn saxophone n'Ìbàdàn nígbà náà. Òun gba ọ̀nà mìíràn: ó da orin soul Amẹ́ríkà mọ́ highlife, àwo rẹ̀ Super Afro Soul sì jáde lọ́dún 1966. Peter King náà fọn saxophone, òun náà lọ kọ́ orin ní London. Ó fara mọ́ jazz, ó sì padà dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Ìlogbò, lọ́nà Badagry, níbi tó ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ sọ́nà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ fèrè, ọ̀nà wọn ni kò papọ̀.

Lọ́dún 1966, Geraldo Pino dé láti Sierra Leone. Orin James Brown ló ń kọ, ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún kíkankíkan, mọ́tò rẹ̀ ń dán. Èkó ya bò ó. Fẹlá rí i pé bóun bá dúró síbi tóun wà, ìgbàgbé ni yóò gbé òun lọ. Ó tún rí i pé bóun bá ń kọ orin James Brown bíi ti Pino, òun kò ní jẹ́ nǹkan kan ju aláfarawé lọ. Ó gba Ghana lọ láti lọ ronú. Lọ́dún 1968, ó fún orin tó ń wá ní orúkọ: Afrobeat.

Owó dé

Orúkọ lásán ni Afrobeat títí di ọdún 1969 tí ẹgbẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́wàá. Ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ kò sí, owó kò sí. Ní Los Angeles ni Fẹlá ti pàdé Sandra Smith, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Black Panther, tó fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà. Ojú rẹ̀ là sí ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ó yé e pé ẹni tó ń wá bí yóò ṣe fọn fèrè bí ará Amẹ́ríkà ti fi ohun tó wà nílé sílẹ̀, ó ń wá a lóko.

Lọ́dún 1970 ni wọ́n padà dé. Orin ti yí. Ìlù wá síwájú, fèrè ń dá a lóhùn, ègbè ń gbè é bí àwọn èèyàn ṣe ń gbe orin ìbílẹ̀. Lọ́dún 1971, Jẹun K'óòkú jáde. Orin nípa alájẹkì ni, ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ó sì mú wọn jó. Àwo náà tà gan-an. Lady àti Shakara tẹ̀ lé e lọ́dún 1972. Àwọn èrò kún ibi tó ti ń ṣeré fọ́fọ́, láti Kakadu ní Yaba dé Empire ní Ìdí-Òrò, tó pè ní Afrika Shrine.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olórin yóò ti sọ pé àwọn ti dé nìyí. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà Jẹun K'óòkú, ṣebí yóò máa kọ irú rẹ̀ lọ́dọọdún ni. Ọ̀nà tí Fẹlá gbà kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Bó ṣe di onísaxophone

Lọ́dún 1973, Igo Chico, ẹni tó ń fọn saxophone tenor nínú ẹgbẹ́ náà, bínú kúrò. Fẹlá ní òun kò wá ẹlòmíràn, òun fúnra òun ni yóò máa fọn ọ́n. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ orí táwọn onífèrè jazz ti gbọ́n nídìí iṣẹ́ ni òun ń bẹ̀rẹ̀. Ó tira mọ́ ọn tọ̀sán-tòru, ó sì fọn ọ́n sínú àwo Gentleman lọ́dún yẹn.

Àwọn tó mọ jazz dáadáa kò tan ara wọn jẹ lórí èyí. Fẹlá kò fi ìgbà kan jẹ́ ẹgbẹ́ John Coltrane nídìí saxophone. Ibi tó ti ta wọ́n yọ ni bó ṣe ń to orin: bó ṣe ń mú gìtá méjì, ìlù, fèrè púpọ̀ àti ohùn àwọn obìnrin papọ̀, tí ọ̀kan kò sì ní gun èkejì lẹ́sẹ̀. Fèrè rẹ̀ dà bí ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀. Ó lè má lọ́ púpọ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan mọ̀ pé Fẹlá ni. Lọ́dún 1977, Lester Bowie, ọ̀kan nínú àwọn afọntrumpet jazz tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù l'Amẹ́ríkà, wá sí Èkó, ó gbé lọ́dọ̀ Fẹlá, ó sì bá a fọn fèrè nínú àwo No Agreement. Ẹni tó bá ní Fẹlá kò mọ jazz, kó lọ gbọ́ èyí.

Ọdún 1973 yẹn kan náà ni Paul McCartney, ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó láti gba àwo sílẹ̀. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ló wá jí. McCartney ní láti jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ti gbà sílẹ̀ kó tó gbà pé kò sí nǹkan Áfíríkà nínú rẹ̀. Ìkẹjà ni Ginger Baker, onílù òyìnbó tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Fẹlá, kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí lọ́dún yẹn, McCartney sì gba orin kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba Fẹlá kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní bíi ọdún kan ṣáájú, Manu Dibango, onísaxophone ará Kamẹrúùnù, gbé Soul Makossa jáde. Orin náà ta káàkiri ayé, àwọn mìíràn sì mú nínú rẹ̀ láìbéèrè, títí kan Michael Jackson lọ́dún 1982, èyí tó di ẹjọ́.

Òfin tó ṣe fún ara rẹ̀

Fẹlá ṣe àwọn òfin kan tí kò sí ilé iṣẹ́ àwo tó lè nífẹ̀ẹ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni gígùn orin. Rédíò ń fẹ́ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orin Confusion tó kọ lọ́dún 1975 gba ojú méjèèjì àwo, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Unknown Soldier gba ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìkejì ni pé orin tó bá ti wọ inú àwo, kò tún ní kọ ọ́ níwájú èrò mọ́. Ẹni tó rìnrìn àjò wá láti òkè òkun nítorí Lady yóò jókòó ní Shrine títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò ní gbọ́ ọ. Orin tuntun ni Fẹlá yóò máa kọ. Ojú tí ọjà fi ń wo èyí yé gbogbo oníṣòwò: ó dà bí ẹni tó ta ọjà tó yá, tó wá ní òun kò tà á mọ́.

Ìkẹta ni pé kò ní bẹ̀rù ohun tí orin yóò fà. Lọ́dún 1975 ló ju orúkọ Ransome nù, tó sì gba Aníkúlápó, ẹni tó ní ikú lápò. Lọ́dún 1976 ló kọ Zombie, tó fi àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀sín. Àwo náà tà bí àkàrà. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ṣọ́jà ya bo ilé rẹ̀, Kalakuta, ní ọ̀nà mọ́tò Agége, nítòsí Mọ́ṣáláṣí. Wọ́n na àwọn èèyàn, wọ́n fìyà jẹ àwọn obìnrin, wọ́n sì dáná sun ilé náà pẹ̀lú gbogbo ohun èlò orin àti téèpù tó wà níbẹ̀. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 1978.

Àwọn baba wa ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Orin tí Fẹlá kọ kò pa Fẹlá. Ìyá rẹ̀ ló gba ìparun rẹ̀.

Àwọn tó bá a san gbèsè

Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ Decca kọ̀ láti gbé àwọn àwo rẹ̀ kan jáde. Fẹlá kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1978, ó fẹ́ obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó ń jó, tó ń gbè orin fún un. Agbo náà wá di ńlá. Gbogbo wọn ló ń jẹun, tí wọ́n ń wọ aṣọ, nínú owó orin kan ṣoṣo.

Ní ìparí ọdún 1978, wọ́n lọ ṣeré níbi àjọ̀dún jazz nílùú Berlin, ní Jámánì. Irú ibẹ̀ yẹn ni olórin jazz ti ń gba orúkọ. Àmọ́ àwọn onílù àti onífèrè gbọ́ pé owó tí wọ́n pa níbẹ̀ ni Fẹlá fẹ́ fi ṣe ìpolongo ìdìbò. Ó ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú MOP sílẹ̀, ó fẹ́ di ààrẹ lọ́dún 1979. Púpọ̀ nínú wọn fi í sílẹ̀. Tony Allen, tó ti bá a lùlù fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, náà kúrò. Ohun tí Allen ṣàlàyé fún aráyé lẹ́yìn náà kò le: iṣẹ́ pọ̀, ẹnu tó ń jẹun pọ̀, owó tó ń kan òun kò sì tó iṣẹ́ tóun ń ṣe. Ó lọ sí òkè òkun, ó sì di olókìkí fúnra rẹ̀ kó tó kú ní Paris lọ́dún 2020. MOP kò sí lára ẹgbẹ́ márùn-ún tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìdìbò náà.

Ibi tó yẹ ká ti dúró wò ó dáadáa nìyí. Ó rọrùn láti yin ẹni tó ní òun kò fi orin òun tọrọ owó. Ṣùgbọ́n onílù tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé kò bá a búra bẹ́ẹ̀. Ìlànà Fẹlá ni ìlànà náà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó yí i ká ló sì ń gbé e ró. Bẹ́ẹ̀ ló tún rí pé àwọn kan wà tí kò lọ. Lékan Animáṣàun, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bàbá Ani, tó ń fọn saxophone ńlá tí wọ́n ń pè ní baritone, ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún 1965. Ó dúró nígbà tí Africa 70 tú, ó dúró nígbà tí ẹgbẹ́ tuntun, Egypt 80, bẹ̀rẹ̀, ó sì darí ẹgbẹ́ náà fún Ṣeun, ọmọ Fẹlá, lẹ́yìn tí bàbá ti kú. Òkìkí rẹ̀ kò tó ti Fẹlá, owó kò sì tì í lẹ́yìn. Orin ló jọ pé ó tó o.

Ọdún Ìkẹjà

Nígbà tí Kalakuta ti jóná, tí ìjọba Ghana náà sì ti lé e jáde lọ́dún 1978, Ìkẹjà ni Fẹlá fìdí kalẹ̀ sí. Shrine tuntun bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà Pepple. Ilé tuntun wà ní Gbémisọ́lá, ní ẹ̀gbẹ́ Allen. Àwọn olówó ń gbé mọ́tò tuntun kọjá lórí títì, nígbà tí àwọn ọmọ gáréèjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ sí Pepple láti lọ gbọ́ yábíìsì.

Àkókò yìí gan-an ni òyìnbó wá ń wá orin Áfíríkà. Bob Marley kú lọ́dún 1981, àwọn ilé iṣẹ́ àwo sì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Arista gbé àwo Fẹlá jáde ní Yúróòpù lọ́dún 1981, àmọ́ àjọṣe náà kò tọ́jọ́. Lọ́dún 1982, Island, ilé iṣẹ́ tí Marley wà, mú King Sunny Ade. Wọ́n gbé àwo mẹ́ta jáde fún un, Sunny sì gbé jùjú dé ibi tí jùjú kò dé rí. Nígbà tí àwo kẹta kò tà tó bí wọ́n ṣe ń retí, wọ́n fi í sílẹ̀. Sunny padà sílé, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ọjà dọ́rẹ̀ẹ́ pàápàá kò lè fọkàn tán an pátápátá.

Rikki Stein, ọ̀kan nínú àwọn tó bójú tó iṣẹ́ Fẹlá lókè òkun, ti sọ fún àwọn oníròyìn pé Motown ti Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ Fẹlá. Ó ní Fẹlá bi àwọn ẹ̀mí tó gbà gbọ́ léèrè, àwọn ẹ̀mí sì ní kó má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ náà tutù, kò sì wáyé mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nígbà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi kàn án, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Fẹ́mi, ọmọ rẹ̀, tó ń fọn saxophone, ló kó ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré. Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ilé iṣẹ́ kan gbé àwo Army Arrangement fún Bill Laswell l'Amẹ́ríkà láti tún ṣe. Wọ́n fi àwọn olórin ibẹ̀ kún un, wọ́n sì ṣe é bí èyí tí yóò tà. Inú Fẹlá bàjẹ́ gidigidi nígbà tó gbọ́ ọ. Ohun tó ti ń kọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986 ni wọ́n tú u sílẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, orin rẹ̀ gùn sí i, ó sì jinlẹ̀ sí i. Teacher Don't Teach Me Nonsense jáde lọ́dún 1986, Beasts of No Nation lọ́dún 1989. Lẹ́yìn Underground System ti ọdún 1992, kò gbé àwo tuntun jáde mọ́. Ó ṣì ń kọrin ní Shrine, àmọ́ ara rẹ̀ ti ń rù. Kò gbà kí dókítà tọ́jú òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú onífèrè

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ló sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ló fa ikú àbúrò òun. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà pé àrùn náà wà ni, ọ̀rọ̀ tó sì nira fún ẹbí láti sọ ni. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ láti ọjọ́ náà pé kì í ṣe ìtàn òyìnbó. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ ní Tafawa Balewa Square, èrò sì tò lọ bí omi títí dé Ìkẹjà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni yóò ya ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ọjà tó bá jà ló wá gbé e gùn ẹṣin. Wọ́n tún àwọn àwo rẹ̀ gbé jáde káàkiri ayé. Lọ́dún 2009, wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé ní Broadway, ní New York. Ilé rẹ̀ ní Gbémisọ́lá di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 2012, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Lọ́dún 2025, wọ́n fi Zombie sínú Grammy Hall of Fame l'Amẹ́ríkà. Burna Boy, tó gba Grammy lọ́dún 2021, jẹ́ ọmọ-ọmọ Benson Idonije tó bá Fẹlá bẹ̀rẹ̀ ní rédíò.

Pepple ti di ara Computer Village, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ẹ̀rọ tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ń kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ New Afrika Shrine sí Agídíngbì, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2000. Fẹ́mi àti Ṣeun ń fọn saxophone bàbá wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń san owó fún àwọn tó ń bá a ṣeré gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti tó.

Bí Fẹlá bá ti jẹ́ kí owó pàṣẹ fún orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ìyá rẹ̀ ì bá dàgbà síi, bóyá Tony Allen ì bá dúró. Bóyá Zombie náà kò bá tí sí. Àwọn tó bá a kọrin ló mọ iye tí orin náà ná wọn. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lónìí ni wọ́n ń jẹ èrè rẹ̀.